Mo-gbọ́-mo-yà Níbi Àríyá Ife-ẹ̀yẹ

*Ẹ̀gbọ́n Olùdámọ̀ràn, ẹ gbà mí o. Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kékeré tí mò ń tẹ̀lé ní gúúsù Lọ́ńdọ̀n ti ń na èèyàn bọ̀ nínú ife-ẹ̀yẹ FA láti oṣù kẹsàn-án. Ó ku ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan ṣoṣo kí wọ́n wọ ìpele kẹta, níbi tí àwọn ẹgbẹ́ ńlá ti ń wọlé. Oorun ti dá lójú mi. Ìyàwó mi ní ààwẹ̀ tí mo gbà fún wọn ti pọ̀ ju èyí tí mo gbà nígbà tí a ń wá ìwé ìgbélùú lọ. Kí gan-an ni kí n máa tọrọ lọ́wọ́ Ọlọ́run? Èmi ni, Alátìlẹyìn Aláìróorunsùn.*

Àbúrò mi, àdúrà rẹ kò kéré, ibi tó dorí kọ ni kò dára. Ife lò ń tọrọ, bẹ́ẹ̀ ife kì í ṣe ti irú yín. Láti 1888 tí wọ́n ti dá Líìgì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀, ẹgbẹ́ kan péré tí kò sí nínú Líìgì ló tíì gba ife-ẹ̀yẹ FA. Tottenham ni, ní 1901. (Wo bí ayé Tottenham ti rí látìgbà náà, kí o wá rò ó dáadáa bóyá irú oríire bẹ́ẹ̀ lo fẹ́.) Mo-gbọ́-mo-yà ni ẹgbẹ́ rẹ níbi àríyá yìí, mi ò sì sọ ọ́ láti fi bú ọ. Mo-gbọ́-mo-yà tó mọṣẹ́ kì í bá ọlọ́jọ́ du àga, kì í bèèrè ohun tí wọ́n ń ṣayẹyẹ rẹ̀ pàápàá. Ojú ọ̀nà tí àwọn tó ń gbé oúnjẹ ń gbà kọjá ló ń wá jókòó sí. Nítorí náà, dẹ́kun àdúrà góòlù. Àdúrà ìbò ni kí o máa gbà, pé kí wọ́n pín yín pọ̀ mọ́ ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kún.

Wo bí wọ́n ti ń ṣe é. Ẹgbẹ́ tó lé ní 700 ló ń wọ ìdíje yìí lọ́dọọdún. Àwọn tó kéré jù á ti máa bá ara wọn jà lóṣù kẹjọ. Àwọn ẹgbẹ́ ìpele méjì tó ga jù nínú líìgì kì í yọjú títí di ìpele kẹta lóṣù kìn-ín-ní. Lọ́jọ́ ìbò, wọ́n á kó bọ́ọ̀lù kéékèèké tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí sínú abọ́, wọ́n á máa fọwọ́ mú un níkọ̀ọ̀kan. Wọn ò ya olówó sọ́tọ̀ fún olówó. Owó ẹnu ọ̀nà sì rèé, àjọpín ni. Ìyẹn ni pé ẹni tí wọ́n bá pín yín mọ́ lè ṣe yín lóore ju ẹni tí ẹ bá nà lọ. Ní 2005, Exeter City ti já kúrò nínú Líìgì, gbèsè ti mù wọ́n dé ọrùn, àwọn alátìlẹyìn fúnra wọn ló gba ẹgbẹ́ náà mọ́wọ́ kó má baà kú. Ìbò gbé wọn lọ bá Manchester United ní Old Trafford. Èèyàn tó lé ní 67,000 ló wò wọ́n, wọ́n gbá ọ̀mì òdo sí òdo, wọ́n pa dà sílé fún àtúngbá, Manchester sì nà wọ́n ní 2 sí òdo. Ṣírò rẹ̀: ọgọ́sàn-án ìṣẹ́jú, Exeter kò gbá bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo wọ àwọ̀n, kò ṣẹ́gun nínú méjèèjì, owó tí wọ́n rí níbẹ̀ ni wọ́n sì fi yọ ọrùn kúrò nínú gbèsè. Ẹgbẹ́ wo ló tíì fi góòlù mẹ́wàá rí irú owó bẹ́ẹ̀?

Ti Marine tún yani lẹ́nu jù. Ìpele kẹjọ nínú líìgì ni wọ́n wà, ní Crosby lẹ́bàá Liverpool, nígbà tí Tottenham tọ̀ wọ́n wá lóṣù kìn-ín-ní 2021. Pápá wọn kò gba 4,000 èèyàn. Àrùn Kòrónà sì ti lé gbogbo ènìyàn sílé, alátìlẹyìn kankan kò gbọdọ̀ wọlé. Wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í ta tíkẹ́ẹ̀tì tí kò ní àga, £10 ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ṣàánú. Ó lé ní 30,000 tí wọ́n tà. Àwọn olólùfẹ́ Tottenham náà rà á, wọ́n sanwó fún ẹgbẹ́ tí wọ́n fẹ́ nà! Wọ́n sì nà wọ́n ní 5 sí òdo lóòótọ́. Bí ẹnì kan bá rí ìyà tó lérè tó báyìí níbòmíràn, kó kọ̀wé sí mi.

Mo mọ̀ pé wàá ní, “Ẹ̀gbọ́n, àwọn kan ṣá ti ṣẹ́gun.” Mo gbà. Hereford, tí kò tíì sí nínú Líìgì, ṣẹ́gun Newcastle ní 1972 lórí pápá ẹlẹ́rẹ̀, bọ́ọ̀lù tí Ronnie Radford fi gbogbo agbára gbá láti ọ̀nà jíjìn ni wọ́n fi dọ́gba, Ricky George sì parí rẹ̀ nínú àfikún àkókò. Ṣùgbọ́n wo ibi tí èrè ti wá. Láyé ìgbà náà, ìbò ni àwọn ẹgbẹ́ inú Líìgì fi ń pinnu ẹni tí yóò wọlé. Nígbà tí wọ́n dìbò lọ́dún náà, wọ́n mú Hereford, wọ́n sì lé Barrow jáde. Àwọn ará Barrow kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí pápá ẹlẹ́rẹ̀, ẹnu ọ̀nà ni wọ́n bá ara wọn. Ilé ẹjọ́ pa Hereford United rẹ́ ní 2014, ṣùgbọ́n góòlù Radford kò kú. Oṣù kìn-ín-ní kì í kọjá kí tẹlifíṣọ̀n má gbé e jáde.

Èyí tí kò dára ni kí mo-gbọ́-mo-yà pẹ́ débi tí wọ́n á fi gbé abọ́ fún un fọ̀. Ní 1989, Sutton United na Coventry ní 2 sí 1, Coventry tó gba ife yìí gan-an ní 1987. Inú wọn dùn, wọ́n dúró. Ní ìpele tó tẹ̀ lé e, Norwich fi 8 sí òdo kí wọn kú àbọ̀. Maidstone ní 2024: ìpele kẹfà nínú líìgì ni wọ́n wà, Ipswich gbá bọ́ọ̀lù sí wọn ní ìgbà tó lé ní 30, Maidstone gbá méjì péré tó dé ojú ilé, méjèèjì wọlé. Coventry ló sì wá fọ̀ wọ́n mọ́, 5 sí òdo. Ní ilẹ̀ Faransé, Les Herbiers láti ìpele kẹta bá PSG dé àṣekágbá ife-ẹ̀yẹ ibẹ̀ ní 2018, wọ́n pàdánù ní 2 sí òdo, ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn náà ni wọ́n já sí ìpele kẹrin nínú líìgì. Ẹni tó fẹ́ bá mi jiyàn á ní Lincoln City ńkọ́? Òótọ́ ni, Lincoln bà mí nínú jẹ́. Ní 2017 wọ́n lọ na Burnley nílé rẹ̀, wọ́n dé àárín ẹgbẹ́ mẹ́jọ tó kù, ohun tí ẹgbẹ́ tí kò sí nínú Líìgì kò ṣe láti 1914, lọ́dún kan náà ni wọ́n sì gba líìgì tiwọn, tí wọ́n gòkè. Arsenal fún wọn ní márùn-ún, kò dùn wọ́n. Ẹ̀rí kan nìyẹn lòdì sí mi, n ò lè fọwọ́ bò ó. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi ìrètí rẹ̀ lé orí Lincoln, kó rántí pé ọdún 103 ló wà láàárín 1914 àti 2017.

Ohun kan kù, kí n má baà gbàgbé. Lọ́jọ́ tí Chelsea tàbí Liverpool bá dé pápá yín, àwọn tí kò wá rí á dé pẹ̀lú síkáàfù tuntun, wọ́n á gba àyè tí o ti ń dúró sí láti ọdún pípẹ́. Má ṣe bínú sí wọn, má pè wọ́n ní olólùfẹ́ ọjọ́ kan. Ẹ̀yin náà kọ́ ni wọ́n pè síbi àríyá yìí. Ta síkáàfù fún wọn ní ìlọ́po méjì.

*Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi bá ọ̀rẹ́ mi wí. Gbogbo wa ní Peckham, Arsenal là ń ṣe, òun nìkan ló lọ wá ẹgbẹ́ tí kò ní orúkọ. Ìfẹ́ tó ń retí ìjákulẹ̀, ṣé ìfẹ́ nìyẹn? Àti pé àtúngbá tí àwọn ẹgbẹ́ kékeré fi ń rówó, wọ́n ti fagi lé e. Kí ló kù fún un níbẹ̀? Ọmọ Arsenal Pọ́ńbélé.*

Ọmọ Arsenal, jẹ́ ká ṣírò. Bí Arsenal bá na ẹgbẹ́ kékeré, ta ló ń jó? Iṣẹ́ wọn ni wọ́n ṣe. Bí wọ́n bá wá pàdánù, ẹ̀sín rẹ̀ ń pẹ́ ju ìgbéyàwó lọ. Ní 1992, ẹ̀yin lẹ gba líìgì lọ́dún tó ṣáájú; Wrexham ní tiwọn ló gbẹ̀yìn nínú gbogbo Líìgì lọ́dún kan náà. Wọ́n nà yín ní 2 sí 1. Ní 2012, Bradford City láti ìpele kẹrin fi pẹnáritì lé yín kúrò nínú ife Líìgì. Ìwọ ni ìdùnnú rẹ kéré tí ìtìjú rẹ sì pọ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ ni òdìkejì rẹ̀. Ta ló wá yẹ kí n bá wí nínú ẹ̀yin méjèèjì?

Tó o bá ní ìjákulẹ̀ ló ń retí, ó ń retí ohun tó ṣeé rántí. Ní 2015, AFC Wimbledon, ẹgbẹ́ tí àwọn alátìlẹyìn dá sílẹ̀ ní 2002 lẹ́yìn tí wọ́n gbà kí wọ́n kó tàtijọ́ lọ sí Milton Keynes, gba Liverpool lálejò. Ọmọ tiwa, Adebayo Akinfenwa, tí Liverpool jẹ́ ààyò rẹ̀ láti kékeré, ló gbá góòlù tí wọ́n fi dọ́gba. Gerrard gbá méjì, Liverpool borí. Lọ bèèrè lọ́wọ́ ará Wimbledon bóyá ó fẹ́ kí ọjọ́ náà má wáyé. Àbí Calais, ẹgbẹ́ ìpele kẹrin tó dé àṣekágbá ilẹ̀ Faransé ní 2000: pẹnáritì ìparí ni Nantes fi nà wọ́n ní 2 sí 1, lẹ́yìn náà ni Landreau, ọ̀gá agbábọ́ọ̀lù Nantes, pe ọ̀gá tiwọn kí àwọn méjèèjì jọ gbé ife náà sókè.

Ní ti àtúngbá, ibẹ̀ lo ti mú mi. Láti sáà 2024 sí 2025 ni wọ́n ti fagi lé e láti ìpele kìn-ín-ní gan-an lọ sókè, kí ara má baà ro àwọn ẹgbẹ́ ńlá. Lóṣù kìn-ín-ní 2025, Tamworth láti ìpele karùn-ún dá Tottenham dúró ní òdo sí òdo fún àádọ́rùn-ún ìṣẹ́jú. Láyé àná, wọn ì bá lọ sí pápá Tottenham tó gba èèyàn tó lé ní 60,000, wọn ì bá pín owó rẹ̀. Àfikún àkókò ni wọ́n fún wọn, góòlù mẹ́ta ló wọlé, ó parí. Àwọn olówó ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn pa, mi ò ní bo irọ́ mọ́ ọn. Àmọ́ ìmọ̀ràn mi kò yẹ̀, kìkì pé ó yẹ kí àdúrà ọ̀rẹ́ rẹ túbọ̀ ṣe tààrà. Tẹ́lẹ̀, ó lè sọ pé “ilé ni ká ti gbá a, ká gbá ọ̀mì.” Nísinsìnyí, bí ẹgbẹ́ rẹ̀ bá jẹ gbèsè, kó tọrọ pápá tó tóbi jù nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bí wọn kò bá jẹ gbèsè, kó tọrọ ilé, òtútù, òjò, àti gólì àlejò tó ń jáyà.

*Ẹ̀gbọ́n, Sátidé ìpele kẹta yẹn ni ìyá mi máa pé ọmọ 70 ọdún. Ọkọ mi ní bí ẹgbẹ́ òun bá débẹ̀, òun ò ní lè wá. Kí ni kí n ṣe fún un? Ìyàwó Ilé.*

Ìyàwó wa, ẹ fọkàn balẹ̀. Aago mẹ́ta ni wọ́n sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ Sátidé. Bí ìwé ìpè yín bá ní aago méjì, a mọ̀ pé ọlọ́jọ́ gan-an kò ní jókòó kó tó di mẹ́fà. Àfikún àkókò àti pẹnáritì á ti parí, ọkọ yín á tún dé ṣáájú oníjó. Kó wọ aṣọ ẹbí lọ sí pápá. Kó sì jẹun kó tó lọ o, torí ní 2017 tí Sutton ń gbá bọ́ọ̀lù pẹ̀lú Arsenal, gólì wọn kejì jẹ páì lórí bẹ́ǹṣì níṣojú kámẹ́rà, ilé tẹ́tẹ́ kan sì ti ní kí àwọn èèyàn ta tẹ́tẹ́ pé yóò jẹ ẹ́. Àjọ FA dá £375 lé e, wọ́n sì fi òfin dè é fún oṣù méjì, nítorí páì. Bí wọ́n bá borí lọ́jọ́ náà, ẹ má jẹ́ kí makirofóònù olùdarí ètò dé ọwọ́ ọkọ yín. Bí wọ́n bá jẹ márùn-ún sí òdo, ẹ bù ẹran kejì fún un, kí ẹ sì bi í léèrè nípa góòlù tí rẹfirí pa rẹ́.