Baba Oníjíìpù

Ẹ bá mi wo Toyota 4Runner ọdún 1998 kan ní Ikoku, ọjà ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní Port Harcourt. Táyà tuntun rẹ̀ ga débi pé ìyàwó baba tó ni ín ní láti ká ìró sókè kó tó lè wọlé. Iná mẹ́rin tò sórí ọkọ̀ náà, àfi bí ẹni ń re aṣálẹ̀ Sàhárà. Eleme lásán ni wọ́n ń lọ.

Ẹ wá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ọ́ìlì ti ki. Èéfín dúdú tó ń yọ ìlú yẹn lẹ́nu láti ọdún 2016 ti dí fílítà afẹ́fẹ́ pa. Timing belt ńkọ́? Toyota ní kí wọ́n máa pààrọ̀ ti ẹ́ńjìnnì V6 yìí ní 90,000 máìlì. Baba ní, “Ṣé ó ti já ni?”

Mẹkáníìkì fi ìka nu fílítà, ó na ìka náà sí Baba: ó dúdú kirikiri. “Ọ̀gá, owó iná orí yẹn ì bá ra gbogbo èyí.”

Baba ò dáhùn. Snorkel ló ń ná lọ́wọ́, kí ọkọ̀ lè máa mí nínú omi.

Ẹ̀yin oníjíìpù àtijọ́, ẹ dákun, ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ mí lórí ilẹ̀ ná.