Kìíbunijẹ, Ajá Ìjàpá

Ààlọ́ o!
Ààlọ̀!

Àlọ́ mi dá fìrìgbagbóó, kò dá lórí ọba, kò dá lórí ìjòyè. Ó dá lórí Ìjàpá ọkọ Yánníbo àti ajá rẹ̀ tí kò ní okùn lọ́rùn.

Ní àkókò tí àwọn ẹranko ń gbé Kàbà, tí wọ́n ń ná ọjà, tí wọ́n ń dá ẹ̀bi fún ara wọn, Ìjàpá gbéra, ó lọ sí Lọ́kọ́ja. Ohun tí ó lọ ṣe níbẹ̀, ẹ má bi mí. Èyí tí mo mọ̀ ni pé kí ó tó lọ, ó ra iṣu àwìn lọ́wọ́ Ewúrẹ́, ó ra èkuru àwìn lọ́wọ́ Adìẹ, ó sì yá aṣọ òkè lọ́wọ́ Àgbò láti fi ṣe fáàrí. Nígbà tí ó ń bọ̀, ojú ọ̀nà kọnkéré tí ó wá láti Ọ̀bàjánà ló gbà wọ̀lú, ó fi awò dúdú bojú, ó jókòó síwájú ọkọ̀. Kò gbé iṣu bọ̀, kò gbé aṣọ Àgbò bọ̀. Ajá ló gbé bọ̀.

Kì í ṣe irú ajá ilé wa tí ń sùn sí ẹ̀gbẹ́ àdògán o. Orí tirẹ̀ tó odó. Bí ó bá gbó lẹ́ẹ̀kan, ọmọ tí ń mu ọyàn á tu ọyàn dànù.

Ìjàpá mọ odi yí ilé rẹ̀ ká. Ó mọ ọ́n ga, ó to àfọ́kù ìgò sórí rẹ̀. Nígbà tí ó ku géètì, ó béèrè iye géètì lọ́wọ́ alágbẹ̀dẹ, ó gbọ́ iye rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó ní ṣebí ajá wà. Ibi tí géètì ìbá wà bá ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ẹni tí ó mọ odi tí kò sé ẹnu ọ̀nà, tí ó wá tú ajá sílẹ̀ níbẹ̀, ẹ bá mi wò ó bóyá olè ló ń sá fún tàbí olówó rẹ̀.

Ó wá ku orúkọ. Àwa náà mọ̀ pé Yorùbá kì í sọ ajá lórúkọ lásán. Ẹni tí aládùúgbò rẹ̀ bá ń ṣe ìlara lè sọ ajá rẹ̀ ní Ìlara-ò-dáa; bí aládùúgbò bá ti ń kọjá, ó di “Ìlara-ò-dáa, wá jẹun!” Ajá á máa ju ìrù, ẹni tí ọ̀rọ̀ ń bá wí á bojú jẹ́, kò sì sẹ́ni tó lè pe ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n Ìjàpá ju ti àwọn baba wa lọ. Ó wo eyín ajá rẹ̀ lọ́tùn-ún, ó wò ó lósì, ó sọ ọ́ ní Kìíbunijẹ.

Òkété ló kọ́kọ́ kàn. Ọjọ́ ọjà ni, ó ru èkùrọ́, ó ń kọjá jẹ́jẹ́. Kìíbunijẹ já lu ojú ọ̀nà. Òkété ju igbá, ó ki eré mọ́lẹ̀, ajá lé e bá, ó gé e nírù. Ìjàpá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú igi ìtayín lẹ́nu, ó ń pariwo pé, “Kìíbunijẹ! Kìíbunijẹ!” Ẹni tí kò mọ̀ á rò pé ó ń pe ajá padà. Àwọn tí ó mọ̀ ọ́n mọ̀ pé ó ń ro ẹjọ́ sílẹ̀ ni.

“Ìwọ Òkété,” ló wí nígbà tí ó dìde, “ta ní ní kí o sáré? Ajá kì í lé ẹni tí kò bá sáré.”

Lọ́jọ́ kejì Àgbò wá béèrè aṣọ rẹ̀. Ó ti gbọ́ ti Òkété, kò sáré, ó dúró gbọn-in. Ajá bù ú jẹ nítan. “Ta ní ní kí o dúró tì í lójú? Àbí ìjà lo bá wá?” Adìẹ wá gba owó èkuru, ó fò lọ sórí igi kí ajá tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ìjàpá ní, “Ẹ wò ó bí ó ṣe ń dẹ́rù ba ajá oníajá.”

Ẹni tí ó bá sì sunkún, Ìjàpá á kí i pé, “Okun o!” Ìkíni tí a fi ń kí ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́, ẹni tó ti ọ̀nà bọ̀ àti ẹni tí òfò ṣẹ̀, òun ni Ìjàpá fi ń san owó ìtọ́jú. Àwọn ọmọ wá sọ ọ́ di orin:

Lílé: Kìíbunijẹ o, ajá Ìjàpá,
Ègbè: Gbógbógbó jàn!
Lílé: Ó gé Òkété nírù jẹ o,
Ègbè: Gbógbógbó jàn!
Lílé: Ó bu Àgbò nítan jẹ o,
Ègbè: Gbógbógbó jàn!
Lílé: Olówó rẹ̀ ní kì í bunijẹ,
Ègbè: Gbógbógbó jàn!
Lílé: Ẹ bá mi bi í, eyín ta ni?
Ègbè: Gbógbógbó jàn!

Nígbà tí wọ́n gbé Òkété délé, Ọ̀bọ ti dé síbẹ̀, ó ní kí wọ́n lọ fá irun ajá náà wá, kí wọ́n jó o, kí wọ́n fi dí ojú egbò. Wọ́n bi í pé ta ni yóò lọ fá a. Ọ̀bọ wo òkè. Ìgbín tí ó jẹ́ nọ́ọ̀sì ló wọlé, ó bu omi, ó mú ọṣẹ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ ojú egbò. Ó ń fọ̀, ó ń fọ̀. Wọ́n ní kí ó ṣe kíá, ó ní òun kò mọ kíá. Ìṣẹ́jú 15 gbáko, ọṣẹ àti omi tí ń ṣàn, gẹ́gẹ́ bí Àjọ Ìlera Àgbáyé ti wí. Ta ni nínú ẹranko ló ní irú sùúrù bẹ́ẹ̀ bí kò ṣe Ìgbín? Lẹ́yìn náà ni ó ní kí wọ́n gbé e lọ gba abẹ́rẹ́, kì í ṣe ọ̀kan, tí yóò tó mẹ́rin tàbí márùn-ún, tí ọjọ́ wọn yóò jìnnà síra.

“Torí eyín lásán?” ni Ọ̀bọ wí.

“Torí dìgbòlugi,” ni Ìgbín dáhùn. “Bí àmì rẹ̀ bá ti hàn lára ẹni, tí omi ti ń bà á lẹ́rù, pósí ló kù. Kí ó tó hàn ni abẹ́rẹ́ ń ṣiṣẹ́.” Òótọ́ ló sọ. Láti oṣù keje ọdún 1885 tí Louis Pasteur ará Faransé ti ní kí wọ́n gún ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kan, Joseph Meister, ní irú abẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀, tí ọmọ náà sì yè, ni ayé ti mọ̀ ọ́n. Síbẹ̀ nǹkan bí 59,000 ènìyàn ni wọ́n ṣírò pé àrùn náà ń pa lọ́dọọdún, ajá ló sì ń kó o ràn wọ́n ju ẹranko yòówù lọ. Nínú ènìyàn mẹ́wàá tí ajá tí a fura sí pé ó ní àrùn náà bù jẹ, mẹ́rin ni ọmọ tí kò tíì pé ọdún 15. Ọmọdé ló ń rìn lọ sí ilé ìwé ní tiwọn. Àwọn tí ń sọ pé ajá àwọn kì í bunijẹ, inú mọ́tò ni wọ́n ń jókòó sí.

Òkété ta èkùrọ́ rẹ̀ tán, kò ká owó abẹ́rẹ́. Ó bá gba ọ̀nà ààfin.

Bí àwọn Òwé ní Kàbà ṣe ní Ọbarò, Ọbadófin àti Ọbajẹmu, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ẹranko ní mẹ́ta tiwọn: Erin, Ẹfọ̀n àti Ìgalà. Wọ́n pe Ìjàpá. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, “Kábíyèsí, mi ò ní pẹ́. Ẹ ṣáà wo orúkọ rẹ̀.” Ìgalà mi orí, ó ní òótọ́ ni, orúkọ rẹ̀ kò burú. (Ìjòyè tí ń mi orí kò ṣọ̀wọ́n nílùú kankan.) Ẹfọ̀n ní ọ̀rọ̀ kò gba àríyànjiyàn, kí wọ́n pa ajá náà. Gbogbo àgbàlá hó yèè. Ìjàpá náà wà lára àwọn tí ń pàtẹ́wọ́. Ó ti rí ọmọ ajá mìíràn ní Lọ́kọ́ja.

Ìgbà náà ni Ọ̀kẹ́rẹ́ tí ó ń ṣe lọ́yà sọ̀ kalẹ̀ láti orí àjà. Ó ní, “Kábíyèsí, òfin Penal Code tí ìjọba Àríwá bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní 1960, nígbà tí Kàdúná ń darí Kàbà, tí Kógi sì jogún nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1991, kò béèrè orúkọ ajá. Ó ní ẹni tí ẹran wà níkàáwọ́ rẹ̀, tí ó mọ̀ọ́mọ̀ tàbí tí kò bìkítà láti so ó kí ó má baà ṣe ènìyàn léṣe, òun ló jẹ̀bi. Ta ló wà níkàáwọ́ ta níbí?”

Erin ní kí ajá náà wí tẹnu rẹ̀.

Kìíbunijẹ dìde, ó wo ilẹ̀. “Kábíyèsí, ata ni baba mi ń pò mọ́ oúnjẹ mi kí n lè rorò. Ọmọrí odó ló fi ń jí mi. Wọn kò gún mi ní abẹ́rẹ́ rí, wọn kò so mí rí, wọn kò mú mi rìn rí. Wọ́n ní ẹni tí baba jẹ ní gbèsè ni kí n máa lé. Mi ò mọ ẹni tí baba jẹ ní gbèsè. Mo wo gbogbo yín, gbogbo yín lẹ jọ ọ́.”

Ẹ̀rín pa àgbàlá, ṣùgbọ́n Erin kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí wọ́n mú okùn wá, èyí tí a fi ń so màlúù. Ó ní kí wọ́n so orí kan mọ́ ọrùn ajá, kí wọ́n so orí kejì mọ́ ìdí Ìjàpá. Níbikíbi tí ajá bá dé ní Kàbà, olówó rẹ̀ gbọ́dọ̀ dé ibẹ̀. Kí Ìjàpá san owó abẹ́rẹ́ Òkété àti ti Àgbò, kí ó sì gún ajá tirẹ̀ ní abẹ́rẹ́.

Wọn kò tíì so kókó tán tí Kìíbunijẹ fi rí Ewúrẹ́ ní ẹnu ọ̀nà ọjà. Ó ta kìjí. Ìjàpá tẹ̀ lé e gbàràgàdà, ó ń fi ẹ̀yìn gbá òkúta, awò dúdú fò lọ sínú kòtò.

Lílé: Ìjàpá o, níbo lò ń lọ?
Ègbè: Gbógbógbó jàn!
Lílé: Ajá ló mọ̀, èmi ò mọ̀,
Ègbè: Gbógbógbó jàn!
Lílé: O ti dé iwájú Ewúrẹ́,
Ègbè: Gbógbógbó jàn!
Lílé: Owó iṣu ọjọ́sí ń kọ́?
Ègbè: Gbógbógbó jàn!

Ewúrẹ́ ti gun orí àga, ó na ọwọ́. Kí ni Ìjàpá ó ṣe? Ó san owó iṣu. Láti ibẹ̀, ajá rí Adìẹ. Ó san owó èkuru. Nígbà tí ó fi di ìrọ̀lẹ́, ó ti dé ọ̀dọ̀ gbogbo ẹni tí ó ti ń sá fún láti ọdún mẹ́ta, àti ọ̀dọ̀ àwọn méjì tí òun fúnra rẹ̀ ti gbàgbé. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, Yánníbo ti wà ní ṣọ́ọ̀bù alágbẹ̀dẹ, ó ń ná géètì.

Ìdí àlọ́ mi rèé gbáńgbáláká. Ẹ̀yin alájá Kàbà, ẹ̀yin ará Ìyàrà àti Èkìnrìn-Àdé, 28 oṣù kẹsàn-án ni ọjọ́ tí gbogbo ayé yà sọ́tọ̀ fún ọ̀rọ̀ dìgbòlugi, ṣùgbọ́n ẹ má dúró dè é. Ẹ mú ajá yín lọ gba abẹ́rẹ́ lọ́dọ̀ dókítà ẹran lọ́sẹ̀ yìí, ẹ sì so ó mọ́lẹ̀ kí ọmọ ilé ìwé tó kọjá. Owó okùn kò tó owó abẹ́rẹ́ kan.