Ẹyẹ Tó Sọnù Nínú Òwe

Ẹni tí yóò fi igi ṣóńṣó gún ọmọ ẹyẹ, kó kọ́kọ́ fi gún ara rẹ̀ wò. Kò sí ìjà tí wọn kì í fi òwe yìí là. Ìyàwó ilé a ní tótó ó ṣe bí òwe, a pa á fún ìyá ọkọ. Òṣìṣẹ́ a fi sọ̀kò sí ọ̀gá. Ayálégbé a fi bá onílé wí. Gbogbo ètè a ní òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Ẹnikẹ́ni kì í béèrè ẹyẹ.

Àwọn baba wa kúkú lè mú ènìyàn pa òwe náà. Ẹyẹ ni wọ́n mú, ẹyẹ tí kò lè pe lọ́yà, tí kò sì ní ẹ̀gbọ́n tó máa wá bá ọ jà. Àwa ọ̀làjú la fa ẹyẹ yọ, tá a wá ń pín òwe lò láàárín ara wa.

Ẹ wo ọjà lọ́jọ́ tí ọdún Kérésì bá ku ọ̀la. Ọlọ́kadà á so adìyẹ rẹpẹtẹ mọ́ ọwọ́ ọ̀kadà, ẹsẹ̀ lókè, orí nílẹ̀, èéfín nímú. Èrò tó gbé sẹ́yìn ń pariwo lórí fóònù pé olówó ìlú yìí kò láàánú! Ní Lẹ́kkí ẹ̀wẹ̀, àwọn kan ń ṣe ọjọ́ ìbí fún ajá, pẹ̀lú kéèkì àti ayàwòrán. Adìyẹ tí àlejò ń họ egungun rẹ̀ níbẹ̀, ta ló ṣe ọjọ́ ìbí tiẹ̀?

Àìsàn àìkáàánú ẹranko yìí kì í ṣe tiwa nìkan. Ní 2010, àwọn olùwádìí Steve Loughnan, Nick Haslam àti Brock Bastian fún àwọn kan ní ẹran màlúù gbígbẹ jẹ, wọ́n fún àwọn yòókù ní kajú. Wọ́n wá bi wọ́n léèrè ẹranko tó yẹ ká ro tiwọn. Iye ẹranko tí àwọn tó jẹ ẹran dárúkọ kéré sí tàwọn tó jẹ kajú. Ẹ gbọ́, ẹran ẹnu lásán ló dá ẹjọ́ yẹn o! Nílẹ̀ Yúróòpù pàápàá, títí di 2012, àyè tí òfin fún adìyẹ kan nínú kéèjì kò tó ojú ìwé A4 kan. Wọ́n fòfin de irú kéèjì bẹ́ẹ̀ lọ́hùn-ún. Nílé níbí, ọ̀sìn ìgbàlódé là ń pè é.

Mo mọ èsì tó ń bọ̀: Ọlọ́run ló ní ká máa pa ẹran jẹ. Ta ló ní ká má jẹ ẹ́? Pípa lọ́tọ̀, gígún lọ́tọ̀. Èmi náà ń jẹ adìyẹ.

Òfin pàápàá wà. Abala 495 nínú Òfin Ìwà Ọ̀daràn Nàìjíríà sọ pé ẹni tó bá gbé ẹranko lọ́nà tó ń jẹ ẹ́ níyà láìnídìí yóò ṣẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà, tàbí kó san náírà 50, tàbí méjèèjì. Náírà 50 kò ra ẹyin kan mọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ó ra adìyẹ ọdún, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi àgò gbé e délé.