Dókítà Onígò

Láti ọdún 1963 ni Yunifásítì Ìbàdàn ti ń kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn lọ sí Igbó-Ọrà ní ilẹ̀ Ìbàràpá, kí wọ́n lè rí àìsàn níbi tó ti ń bẹ̀rẹ̀, kó má jẹ́ pé orí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù nìkan ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n. Yunifásítì Ìlọrin náà gbé tirẹ̀ kalẹ̀, wọ́n pè é ní COBES. Ilé ẹ̀kọ́ tiwa kò fẹ́ gbẹ́yìn. Wọ́n da àwa mélòó kan sí abúlé kan pẹ̀lú kóòtù funfun tuntun, wọ́n ní ká gbé láàárín àwọn ará ibẹ̀, ká ràn wọ́n lọ́wọ́, ká sì kọ́ṣẹ́. Bí ẹ bá rí bí mo ṣe ń rìn nígbà tí a débẹ̀, ẹ ó rò pé èmi ni mo dá abẹ́rẹ́ sílẹ̀.

Omi iyọ̀ àti ṣúgà ni iṣẹ́ tó kàn wá, èyí tí wọ́n ń fún ọmọ tó bá ń ya ìgbẹ́ gbuuru kí omi ara rẹ̀ má baà gbẹ. ORS inú ọ̀rá àti síńkì láti ọ̀dọ̀ elétò ìlera ló dára jù. Ti inú ilé yìí wà fún ìgbà tí ìyẹn bá jìnnà. Ìlànà tó wà lọ́wọ́ wa kò le: omi tó mọ́ ìgò bíà kan, tàbí ìgò mínírà kékeré méjì, ìyẹn sẹ̀ńtílítà 60; ṣúgà ṣíbí tíì kékeré 10; iyọ̀ ṣíbí tíì kékeré kan náà 1. Ohun tó wà nínú ṣíbí kò gbọdọ̀ ga ju etí ṣíbí lọ. Bí iyọ̀ bá pọ̀ jù, ewu ni fún ọmọ. Bí ṣúgà bá pọ̀ jù, ìgbẹ́ náà á tún le sí i.

Èmi ni wọ́n fi ṣe olórí ẹrù. Mo gbé pírójẹ́kítọ̀ lọ sí abúlé tí kò ní iná. Mo gbé báńà ńlá tí fọ́tò wa kún ara rẹ̀. Ife ìwọn nìkan ni mo gbàgbé sílé.

Nígbà tí àwọn ìyá pé jọ, mo wúkọ́ díẹ̀, mo ní, “Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa wá ìgò bíà kan.” Gbogbo ibẹ̀ pa lọ́lọ́. Àárín abúlé ni mọ́ṣáláṣí wà; ta ni yóò sọ pé òun ní ìgò bíà nílé? Ìyá kan tó pọn ọmọ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀: “Dókítà, ṣé ọmọ ni yóò mu ún ni, àbí ẹ̀yin?”

Akẹgbẹ́ mi kan ní ká kúkú lo ìgò mínírà. Oníke ló wà nílẹ̀, sẹ̀ńtílítà 50 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan gbà. Méjì rẹ̀ ti di líta kan gbáko. Ẹni tó bá lórí á ṣírò rẹ̀. Èmi kò gbà. Ìwé ní bíà, bíà ni mo fẹ́.

Àwa méjì gun ọ̀kadà lọ sí oríta, níbi tí wọ́n ti ń ta ọtí. Màdáámù ibẹ̀ ní ìgò kì í kúrò lọ́dọ̀ òun lásán, nítorí àwọn tó ń gbé ọtí wá á kà á bí wọ́n bá ń gba kéréètì wọn. Kí n ra ọtí, kí n sì san owó ìgò lé e. Mo san án. Ó wá ku ohun tó wà nínú ìgò. Ọmọ tálákà kì í da nǹkan olówó nù, la bá pín in mu, ní aago mẹ́wàá àárọ̀, pẹ̀lú kóòtù funfun lọ́rùn.

Ká tó padà dé, Baálẹ̀ àti Lèmọ́mù ti wá yẹ́ wa sí. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja bí ọmọ tí a kọ́. Ìgò yọ lápò mi, ó yí gbirigbiri, ó lọ dúró síwájú bàtà Lèmọ́mù. Bàbá wo ìgò, wọ́n wò mí. Mo la ẹnu pé kí n ṣàlàyé, òórùn ẹnu mi sì ti ṣàlàyé tán. Láti ọjọ́ náà ni àwọn ọmọdé ibẹ̀ ti ń pè mí ní Dókítà Onígò.

Ìyá alákàrà kan ló gbà mí sílẹ̀. Ó wọlé, ó mú ìgò oníke kan jáde tí ìlà pupa wà lára rẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó ti wà níbẹ̀ rí ló bá a wọn omi sẹ̀ńtílítà 60 sínú rẹ̀, tó sì fi bírò sàmì sí i. Ọ̀pọ̀ àwọn obìnrin tó jókòó níbẹ̀ ló ní irú rẹ̀ nílé.

“Màmá, kí ló dé tí ẹ ò sọ látàárọ̀?”

“Ẹ ò bi wá. Ìgò bíà lẹ béèrè.”

Ojú tì mí, mo bá yára gba ṣíbí tó sún mọ́ mi, mo po omi náà fúnra mi. Màmá ní, “Dókítà, ṣíbí ìrẹsì nìyẹn o. Tọ́ ọ wò. Bí ó bá ní iyọ̀ ju omijé lọ, dà á nù.” Mo tọ́ ọ wò. Omijé bọ́ lójú mi. A kúkú rí nǹkan fi wé e.

Nígbà tí olùkọ́ wa dé láti wá fún wa ní máàkì, ó ní kí ẹnì kan nínú àwọn ìyá po omi náà lójú òun. Ìyá alákàrà pò ó, kò ṣì í rárá. Inú olùkọ́ dùn, ó ní a ṣiṣẹ́. Ó wá bi màmá pé kí ni àwọn ọmọ yìí máa fi sílẹ̀ fún abúlé.

Màmá ronú títí.

“Ìgò,” ló fi dáhùn. “Mo ti rọ epo sí i.”