Ìkòkò Amọ̀ Kì í Ṣe Fíríìjì

Mo jẹ́bi. Nínú gbogbo àwa tí a ń polongo pé èèyàn lè gbádùn ayé láìsí iná mànàmáná, bóyá ni ẹnu ẹnikẹ́ni mú tó tèmi lórí ọ̀rọ̀ ìkòkò méjì. Ki kékeré bọ inú ńlá, da yanrìn sí àárín wọn, máa bu omi rin ín láàárọ̀ àti lálẹ́, fi àpò tútù bo ẹnu rẹ̀, o ti ní fíríìjì nìyẹn. Ìkòkò kò purọ́ o. Èmi ni n kò béèrè ìlú tí wọ́n ti ń lò ó.

Jigawa ni. Olùkọ́ kan níbẹ̀, Mohammed Bah Abba, ló sọ ọgbọ́n àtijọ́ yìí di ọ̀tun fún àwọn àgbẹ̀, tó sì gba ẹ̀bùn Rolex lórí rẹ̀ lọ́dún 2000. Wọ́n ní ikàn tó máa ń bàjẹ́ láàárín ọjọ́ 3 pẹ́ tó ọjọ́ 27 nínú rẹ̀. Bí omi ṣe ń gbẹ kúrò lára amọ̀ ló ń kó ooru lọ: líta kan péré ń kó nǹkan bí 2,400 kilojúùlù. Lórí ìwé, ìyẹn tó láti mú omi líta 20 kúrò ní dígírì 30 bọ́ sí 2. Ìṣirò yìí ló kó sí mi lórí. Kò sí àṣìṣe nínú rẹ̀, àmọ́ n kò bi afẹ́fẹ́ bóyá ó ráyè gba líta omi náà. Afẹ́fẹ́ Jigawa ráyè nígbà ẹ̀ẹ̀rùn: ní dígírì 35, tí ọ̀rinrin kò ju ìdá 20 nínú 100, ohun tútù lè lọ sílẹ̀ dé nǹkan bí 19. L'Ékòó, ní dígírì 30, tí ọ̀rinrin jẹ́ ìdá 80, kò ní kọjá 27, bó ti wù kí a bu omi tó. A ra ìkòkò, a ru yanrìn, a ń pọnmi kiri, nítorí dígírì 3! Afẹ́fẹ́ tí kò lè gbẹ ṣòkòtò jíǹsì lóṣù keje, ìkòkò wo ló fẹ́ gbẹ?

Àwọn kan á ní: amù ìyá àgbà ńkọ́? Omi rẹ̀ ń tutù lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀nà ọ̀fun kì í béèrè púpọ̀. Ẹran ń béèrè. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí oúnjẹ tó lè bàjẹ́ wà nísàlẹ̀ dígírì 5, kò sì sí amù tó débẹ̀, kódà ní Jigawa. Ìyá àgbà tó ní amù kò kó ẹran sínú rẹ̀. Ó ń gbé ọbẹ̀ kaná láàárọ̀, ó tún ń gbé e kaná lálẹ́, kò sì ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ti ṣíbí tó ti kan ẹnu bọ̀ ọ́. Ẹja, yíyan; iṣu, èlùbọ́; ògì, kí a máa pàrọ̀ omi orí rẹ̀. Èmi oníwàásù ọgbọ́n ìbílẹ̀ ni mo lọ yá ti ẹlòmíràn, tí mo fo ti ilé baba mi kọjá.

Abẹ́rẹ́ àjẹsára ńkọ́? Kò ṣeé yan, kò ṣeé sá, ọ̀pọ̀ rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ wà láàárín dígírì 2 sí 8. Níbí, mo túúbá: òtútù gidi ni. Ṣùgbọ́n òtútù gidi pàápàá kò di dandan kó gba inú wáyà wá. Ní 1922 ni akẹ́kọ̀ọ́ méjì ní Sweden, Baltzar von Platen àti Carl Munters, ṣe fíríìjì tó ń fi ooru ṣiṣẹ́: ooru á lé amóníà jáde kúrò nínú omi, amóníà á di olómi, á tún fẹ́ lọ nínú páìpù, á sì kó ooru inú àpótí lọ. Iná àtùpà kẹrosíìnì lè máa gbé e ṣiṣẹ́. Àmọ́ ó ń fẹ́ ilẹ̀ tó tẹ́jú, ó ń fẹ́ kí a máa gé òwú, ó sì ń mu kẹrosíìnì tọ̀sán tòru. Omi nìkan ni ìkòkò ń mu, n kò sì tíì lé e nílé. Ẹni tó bá wà ní Ṣakí nígbà ọyẹ́ lè kó ẹ̀fọ́ àti tòmátì sí i, kó gbé e síbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, kì í ṣe kọ̀rọ̀ yàrá ìdáná tí mo ti máa ń ní kí gbogbo ayé gbé e sí.