Mo Sọ Àbúrò Di Ẹ̀gbọ́n Létí Ọpọ́n

Bàbá mi kú, ọpọ́n Ifá kan kù nílẹ̀ tí wọn ò tíì parí. Babaláwo kan ní Èrúwà ló bẹ iṣẹ́ náà, ó sì ti san àsansílẹ̀. Nígbà tó ránṣẹ́ wá sí Igbó-Ọrà pé ọpọ́n òun ńkọ́, àwọn mọ̀lẹ́bí ní kí n dá owó padà. Owó wo? A ti fi ra ẹran ìsìnkú. Ni mo bá ní màá parí rẹ̀ fúnra mi. Èmi, olùkọ́ ìṣirò, tí bàbá mi máa ń lé kúrò nídìí igi láti kékeré pé kí n lọ kàwé.

Mo ní ìdí tí mo fi láyà. Bàbá ti ṣe èyí tó le. Wọ́n ti la ìrókò, wọ́n ti gbẹ́ ẹ róbótó, wọ́n ti dán an. Fífín etí rẹ̀ ló kù. Ọ̀pọ̀ ọpọ́n ni wọ́n máa ń fín ẹyẹ, ejò àti ènìyàn sí létí, ṣùgbọ́n Odù ni oníbàárà yìí fẹ́, kí àwọn ọmọ awo lè máa fi kọ́ bí wọ́n ṣe tẹ̀ léra. Bàbá ti gbẹ́ ojú Èṣù síwájú ọpọ́n, níbi tí yóò ti máa wo babaláwo lójú. Wọ́n pín etí yòókù sí ojúlé 16, Odù kan, ojúlé kan. Wọ́n ti fín Ogbè, Ọ̀yẹ̀kú, Ìwòrì àti Òdí. Ó ku 12.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bó ṣe ń ṣiṣẹ́, tíṣà ni mí, mi ò lè pa á mọ́ra. Ikin 16 ni babaláwo ń lò. Á kó wọn sí ọwọ́ kan, á fi ọwọ́ kejì gbà wọ́n lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ẹyọ kan bá ṣẹ́kù, á tẹ ìlà méjì sínú ìyẹ̀rosùn; bí méjì bá ṣẹ́kù, á tẹ ìlà kan. Á tẹ ti ọ̀tún kó tó tẹ ti òsì, láti òkè wá sísàlẹ̀, títí ẹsẹ̀ méjèèjì yóò fi ní ibi mẹ́rin mẹ́rin. Bí ọ̀tún àti òsì bá bára mu, Ojú Odù nìyẹn, 16 sì ni wọ́n. Bí wọn ò bá bára mu, Ọmọ Odù ni, 240. Àpapọ̀ wọn, 256.

Ó yá, ẹ mú pépà. Ìrosùn ni ìlà kan, ìlà kan, méjì, méjì, láti òkè wá sísàlẹ̀. Ẹ dojú pépà kodò: ó ti di Ọ̀wọ́nrín. Ọ̀bàrà kodò, ó di Ọ̀kànràn. Ògúndá di Ọ̀sá, Ìká di Òtúúrúpọ̀n, Òtúrá di Ìrẹtẹ̀, Ọ̀ṣẹ́ di Òfún. Mẹ́rin péré ni ẹ lè dà kodò dà sókè tí wọn ò ní yí padà: Ogbè, Ọ̀yẹ̀kú, Ìwòrì, Òdí.

Ẹ tún orúkọ àwọn tí bàbá mi fín sílẹ̀ kà.

Nígbà tí mo gbé ọpọ́n lé itan, mo bi ara mi pé níbo ni orí àwọn Odù yìí kọ sí, ṣé ìta ni àbí àárín. Mo wo mẹ́rin ti bàbá. Ọ̀kankan nínú wọn ò sọ nǹkan kan. Mo ní ó dáa, bí àwọn ọmọdé bá yí àwo ẹ̀bà ká, àárín kọ́ lorí gbogbo wọn máa ń wà ni? Mo gbé òòlù. Mo fín méjèèjìlá mọ́lẹ̀ lọ́nà tó wú mi lórí. Kódà mo ya fọ́tò.

Ọjọ́ tí mo gbé e lọ sí Èrúwà, mo wọ agbádá. Ọjọ́ awo ni, ilé kún. Ọmọkùnrin kan tí mo ń kọ́ ní kíláàsì jókòó láàárín àwọn ọmọ awo. Mo ní, “Àbọrú bọyè o.” Wọ́n gbà fún mi. Bàbá awo gbé ọpọ́n síwájú, èmi náà sì bẹ̀rẹ̀ ìwàásù tí ẹnikẹ́ni ò bẹ̀ mí. Mo ní ọpọ́n Ifá kan wà ní ìlú Ulm ní Jámánì tí wọ́n gbé kúrò ní Àládà, ní ilẹ̀ Benin òde òní. Pé ìwé tí oníṣòwò Weickmann fi ka àwọn ohun ìní rẹ̀ ní 1659 ti dárúkọ rẹ̀. Mo ní UNESCO ti kéde Ifá fún gbogbo ayé ní 2005. Mo ní bí ti Ulm bá rí tiwa yìí, yóò sá pamọ́.

Bàbá awo ò wo ojú mi. Ìka wọn ń rìn létí ọpọ́n, wọ́n ń kà á sókè: “Ogbè. Ọ̀yẹ̀kú. Ìwòrì. Òdí.” Mò ń mi orí bí ẹni tí wọ́n ń kì. “Ọ̀wọ́nrín.” Ìka dúró. “Ìrosùn dà?” Ìka sún síwájú. “Ìrosùn rèé, ó wà lẹ́yìn àbúrò rẹ̀. Ọ̀kànràn. Ọ̀bàrà. Ọ̀sá. Ògúndá.” Gbogbo ilé ti dákẹ́. Ọmọ awo kan, Ọlọ́run á bù kún un, ní bóyá kí wọ́n yí ọpọ́n padà. Wọ́n yí i. Ohun róbótó! Ibi yòówù tí wọ́n yí i sí, àwọn Odù mi ṣì ń fi orí rìn.

Bàbá wá fọwọ́ kan iwájú orí Èṣù. “Níbo lèyí kọ sí?” Ìta ni. Àgbọ̀n rẹ̀ ló kọ sí àárín. Gbogbo àkókò tí mò ń lu òòlù, Èṣù ń wò mí, ó ń fi ara rẹ̀ ṣe àpẹẹrẹ, mi ò wò ó.

Bàbá ní, “Ọmọ Igbó-Ọrà ni ọ́ lóòótọ́. Ìbejì ti pọ̀ lójú yín jù. Ẹ ti sọ Kẹ́hìndé di ẹ̀gbọ́n, ẹ wá fẹ́ bá Ifá náà ṣe é.” Ẹ̀rín bú. Èyí tí akẹ́kọ̀ọ́ mi rín, ó ga ju ti gbogbo wọn lọ.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tí mi ò lè fi rẹ́rìn-ín. Ọmọṣẹ́ bàbá mi wá kí mi nígbà tí mò ń fín Ọ̀bàrà lọ́wọ́. Ó rí i. Ó ní, “Bọ̀dá, ẹ kú iṣẹ́,” ó sì bá tirẹ̀ lọ. Mo bi í léèrè lẹ́yìn náà, ó ní òun rò pé bí àwọn tó kàwé ṣe ń ṣe é nìyẹn. Irú ọ̀wọ̀ wo nìyẹn? Ó wo ènìyàn títí tó fi ba igi jẹ́ tán, ó wá pe ìdákẹ́jẹ́ ní ẹ̀kọ́ ilé! Òun náà ló ń fá etí ọpọ́n báyìí láti tún un fín, owó tó sì bù lé mi ju àsansílẹ̀ tí à ń sá fún lọ.

Bàbá awo ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi. Wọ́n ní kí n máa wá jókòó lórí ẹní pẹ̀lú àwọn ọmọ, títí màá fi lè tẹ Odù 16 láìwo ìwé. Ta ni wọ́n fi ṣe olùkọ́ mi? Ọmọ kíláàsì mi yẹn. Mo ti fún un ní òdo nínú ìṣirò rí. Kò gbàgbé.