Ọba Orí Afárá Wouri

Ìlú Douala tẹ́ pẹrẹsẹ. Ẹni tó bá fẹ́ gun òkè, kó wọkọ̀ lọ sí Buea, lẹ́sẹ̀ Òkè Cameroon. Síbẹ̀, "Ọba Orí Òkè" ni oyè tí mo ń lé kiri ìlú yìí, oyè tí Strava, áàpù kẹ̀kẹ́ kan, máa ń fi dá ẹni tó bá yára jù ní abala ọ̀nà kan lọ́lá. Àwọn ọmọ Bell, Akwa àti Deïdo ní ọba gidi tiwọn. Tèmi, fóònù ni Ifá tí yóò yàn mí.

Dókítà ló ní kí n ra kẹ̀kẹ́ nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru. Ó kọ́kọ́ dára: mo ń rọra wà á, mo ń kí àwọn ìyá tó ń din pọ́ọ̀fù-pọ́ọ̀fù. Àfi ìgbà tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi gbé áàpù sórí fóònù mi, tó fi hàn mí pé láti Rond-point Deïdo títí dé orí afárá Wouri àtijọ́, èyí tí wọ́n ṣí ní 1955, àwọn kan wà tó yára jù mí lọ. Àwòrán ajá ni ẹni tó wà lókè pátápátá fi ṣe ojú. Ajá! Ẹ̀jẹ̀ tí dókítà ń wá bí yóò ṣe wálẹ̀ tún ru sókè.

Bíréèkì ni ọ̀tá àkókò, nítorí náà mo pa á tì. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, nítòsí ère La Nouvelle Liberté tí Joseph Francis Sumégné fi àlòkù irin gbé dìde ní 1996, mo já sáàárín àwọn ọlọ́kadà tí wọ́n ń pè ní bendskin níbí. Wọ́n yà fún mi. Agbọ̀n ọ̀gẹ̀dẹ̀ kò yà. Ìyá ọlọ́gẹ̀dẹ̀ ló fà mí dìde.

"Pápá, ta ló ń lé yín?"

"Ajá ni."

Ó wo ẹ̀yìn mi títí, kò rí nǹkan kan.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ẹ̀rín tán. Ní Berkeley, California, ní 2010, ọkùnrin kan tí ẹlòmíràn gba ipò rẹ̀ lórí Strava ń sáré sọ̀ kalẹ̀ láti gbà á padà. Ó bá eré náà lọ. Ẹbí rẹ̀ pe ilé iṣẹ́ náà lẹ́jọ́ ní 2012, adájọ́ sì da ẹjọ́ nù ní 2013. Alẹ́ ọjọ́ tí mo ń fi àdí pa orúnkún ni mo ka èyí. Nígbà tí mo kà á tán, mo yẹ ojú ọjọ́ ọ̀la wò.

Oṣù Keje ni, òjò Douala kì í sì í gba ẹ̀bẹ̀. Ó ká mi mọ́ ẹnu afárá, mo bá di kẹ̀kẹ́ mọ́ ẹ̀yìn bendskin, èmi náà gùn ún. Mo gbàgbé láti pa áàpù. Ká tó dé Bonabéri, mo ti jọba.

Ẹni tó kọ́kọ́ kí mi ni alága ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá, ẹni tí mo ti sọ fún pé ibà kò ní jẹ́ kí n wá sípàdé ọjọ́ náà. "Kábíyèsí, ẹ kú oríire. Ṣé ibà náà ti lọ?" Máàpù ti fi gbogbo ibi tí mo gbà hàn án. Ní oṣù Kìíní 2018, máàpù Strava tú àṣírí ibùdó àwọn ọmọ ogun. Ta ni mo jẹ́ tí tèmi ò fi ní tú? Síbẹ̀, oyè dùn, n kò pa á rẹ́. Ẹlòmíràn ló fẹjọ́ mi sùn, wọ́n sì rọ̀ mí lóyè.

Nígbà ọdún Ngondo lóṣù Kejìlá, àwọn atukọ̀ máa ń figagbága lórí odò Wouri kan náà yìí, oníkálukú wọn ń rí ẹni tó ń lé. Èmi ò rí tèmi, àfi ọjọ́ tí mo ń jẹ pọ́ọ̀fù-pọ́ọ̀fù àti ẹ̀wà lẹ́bàá ọ̀nà, tí fóònù ọkùnrin tó jókòó tì mí tàn yòò. Mo dá ajá náà mọ̀.

Búrẹ́dì ló ń fi kẹ̀kẹ́ gbé lọ sí Bonabéri láràárọ̀, ó sì gbọ́dọ̀ débẹ̀ kó tó tutù. Ọmọ rẹ̀ ló ń bá a tan áàpù. Òun ò mọ ohun tó wà fún. Mo kí i ní Kábíyèsí, mo ṣàlàyé oyè rẹ̀ fún un.

"Roi de quoi?" Ọba kí ni? Ó ní dátà òun ló kàn ń jẹ, ṣé mo lè bá òun yọ ọ́ kúrò.

Yíyọ áàpù kúrò lórí fóònù kì í pa àkọsílẹ̀ rẹ́. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo wá ibi tí wọ́n ti ń pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, mo sì tẹ̀ ẹ́ kó tó yí ọkàn padà.